Ọjọ́ ìparí títà ilé, nígbà tí ojú bá ń kán olùrà

Nínú títà ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá èdèkòyédè sílẹ̀ láàárín olùtà àti olùrà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí iye owó tán. Ọ̀rọ̀ náà ni completion date, tí a ó máa pè ní ọjọ́ ìparí nínú àlàyé yìí. Ọjọ́ ìparí ni ọjọ́ tí ìyókù owó ilé yóò wọlé sọ́wọ́ lọ́yà olùtà, tí olùtà yóò ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò pátápátá, tí kọ́kọ́rọ́ yóò sì bọ́ sọ́wọ́ olùrà. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbà lórí iye owó, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ìwé. Olùtà tí kò bá ya àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ ni olùrà tí ojú ń kán máa ń rí tì síwá sẹ́yìn.

Ohun tó pín gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí méjì ni pàṣípààrọ̀ ìwé àdéhùn. Olùtà yóò ti fọwọ́ sí ẹ̀dà kan, olùrà yóò ti fọwọ́ sí èkejì, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan yóò sì wà lọ́wọ́ lọ́yà ẹni tó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ohun gbogbo bá pé, àwọn lọ́yà méjèèjì á pe ara wọn lórí fóònù, wọn á dárúkọ ọjọ́ ìparí tí àwọn oníbàárà wọn gbà, oníkálukú á kọ ọ́ sínú àlàfo tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún un nínú ìwé, wọn á sì sọ aago tí àdéhùn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni olùrà ti jẹ gbèsè owó ilé, tí olùtà náà sì ti jẹ gbèsè ilé fúnra rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú yẹn tó dé, kò sí ọjọ́ kankan tó de ẹnikẹ́ni.

Òfin tó fìdí èyí múlẹ̀ ni abala kejì òfin ọdún 1989 tí wọ́n ń pè ní Law of Property (Miscellaneous Provisions) Act, èyí tó sọ pé àdéhùn títà ilẹ̀ tàbí ilé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àyàfi bí ó bá wà ní kíkọ sílẹ̀, tí gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí olùrà bá sọ fún yín pé ẹ ti ṣèlérí ọjọ́ kan fún òun nígbà tí òun wá wo ilé lẹ́ẹ̀kejì, ìlérí lásán ni. Ẹnu dùn-ún rò'fọ́. Nílẹ̀ Scotland, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà, nípa lẹ́tà tí àwọn lọ́yà ń kọ síra wọn, nítorí náà kí ẹni tó ń ta ilé níbẹ̀ má ṣe fi ohun tí a ń sọ níhìn-ín ṣe òdiwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìkánjú náà ṣe sábà máa ń dé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí olùtà ti gba iye tí olùrà fi lọ̀ ọ́, lọ́yà olùrà sì ṣì ń béèrè ìwé ẹ̀rí fèrèsé tí wọ́n pààrọ̀. Lójijì, ajẹ́ǹtì tó ń bá olùtà ta ilé pè é ní ìrọ̀lẹ́: “Olùrà ní òun gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù yìí tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun yóò wá ilé mìíràn lọ.” Ìṣẹ́jú yìí ni ọ̀pọ̀ olùtà ti máa ń dáhùn pé ó dára, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ akẹ́rù ní òru ọjọ́ náà. Àṣìṣe gbáà ni. Olùtà ló ń sanwó fún ajẹ́ǹtì lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ajẹ́ǹtì kò ní wọlé àyàfi bí ilé bá tà, nítorí náà ìkánjú olùrà àti ti ajẹ́ǹtì sábà máa ń fojú jọra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olùtà ni ajẹ́ǹtì ń ṣojú fún.

Ìdáhùn tó tọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè ni. Kí ló fà á tí ọjọ́ náà fi ṣe dandan? Ṣé lọ́yà olùrà ti parí gbogbo ìbéèrè rẹ̀? Ṣé ìwé ìfọwọ́sí owó yíyá láti báǹkì ti wà lọ́wọ́ olùrà, ọjọ́ wo ni yóò sì kásẹ̀ nílẹ̀? Ní tèmi, ìbéèrè kẹta yìí ló ń tú àṣírí jù, nítorí pé olùrà tí báǹkì kò tíì fún ní ìwé kò ní agbára láti dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìkánjú olùrà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀tàn. Ìwé ìfọwọ́sí owó yíyá máa ń ní gbèdéke, ó sábà máa ń jẹ́ oṣù 3 sí 6, bí ó bá sì kọjá, olùrà lè ní láti yá owó náà ní èlé tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé tí olùrà háyà lè fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìjọba pẹ̀lú lè fa ìkánjú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó orí Stamp Duty Land Tax, èyí tí olùrà ilé ń san fún ìjọba, yí padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2025: ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní £425,000 kò san ohunkóhun bí ọjọ́ ìparí rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n £6,250 ni yóò san bí ó bá di ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nítorí pé ààlà ibi tí owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ láti £425,000 sí £300,000. Olùrà tó ń pariwo ní irú àkókò yẹn mọ ohun tó ń pariwo lé lórí. Bí ìdí olùrà bá ṣe kedere báyìí, ó ṣeé gbọ́, ó sì ṣeé fi dúnàá-dúrà: ẹni tí ọjọ́ kan yóò gba £6,250 sílẹ̀ fún lè gbà láti san owó ibi tí olùtà yóò kó ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ 2.

Èyí tí kò dára ni ìkánjú tí kò ní ìdí, tàbí èyí tí ìdí rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́. Àwọn olùrà kan wà tí wọ́n máa ń dúró títí olùtà yóò fi di ẹrù tán, kí wọ́n tó sọ pé àwọn yóò dín owó ilé kù bí ọjọ́ kò bá tètè dé. Títí di ìgbà pàṣípààrọ̀, òfin kò dá wọn dúró. Ohun tó lè dá wọn dúró ni pé kí olùtà má ṣe ohun tí kò ní ṣeé yí padà: kí ó má fi ìwé ìkúrò sílẹ̀ níbi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kí ó má sanwó ọkọ̀ tí kò ṣeé gbà padà, kí ó má sì háyà ilé mìíràn, títí lọ́yà rẹ̀ yóò fi sọ fún un pé pàṣípààrọ̀ ti wáyé.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i nígbà tí olùtà fúnra rẹ̀ bá ń ra ilé mìíràn. Ẹni tó ń tà fún un náà ń ra tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, gbogbo wọn á wá so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan, ọjọ́ ìparí kan náà ni gbogbo wọn á sì máa lò kí owó ilé ìsàlẹ̀ lè san ti òkè. Bí olùrà tó wà ní ìsàlẹ̀ okùn bá ń fi dandan lé ọjọ́ kan, kò sí lọ́wọ́ olùtà tó wà ní àárín láti fún un. Ohun tó léwu níbẹ̀ ni pé kí olùtà ṣe pàṣípààrọ̀ lórí ilé tó ń tà nítorí àti tẹ́ olùrà lọ́rùn, nígbà tí èyí tó ń rà kò tíì de ẹnikẹ́ni. Bí ti òkè bá yẹ̀, olùtà á ní láti fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tó wà nínú ìwé láìní ibi tí yóò sùn. Ìdí nìyí tí àwọn lọ́yà fi ń sapá kí pàṣípààrọ̀ méjèèjì wáyé ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá sì lè gbé ní ilé àyálò fún ìgbà díẹ̀ lè gé okùn náà, kí ó sì fi òmìnira yẹn bèèrè ohun tó wù ú lọ́wọ́ olùrà.

Lẹ́tà kúkúrú sí lọ́yà ẹni sàn ju ìpè fóònù 10 lọ. Irú èyí tó: “Mo gbọ́ pé olùrà fẹ́ parí kí oṣù yìí tó tán. Mo ṣe tán láti gba ọjọ́ èyíkéyìí láàárín ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta oṣù tó ń bọ̀, bí a bá ti ṣe pàṣípààrọ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 10 ṣáájú. N kò ní gba ọjọ́ kankan kí èyí tí mo ń rà náà tó ṣetán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún lọ́yà olùrà, ẹ má ṣe gba ọjọ́ mìíràn láìtíì gbọ́ láti ẹnu mi.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé orí fóònù ni wọ́n ti ń fi ọjọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn lẹ́tà náà, bí olùrà bá pe olùtà tààrà, kí ó dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà.

Olùrà mìíràn kò ní béèrè ọjọ́, kọ́kọ́rọ́ ni yóò béèrè. Yóò ní òun kàn fẹ́ kun ògiri, tàbí kí òun gbé àpótí díẹ̀ sí gáréèjì. Kí pàṣípààrọ̀ tó wáyé, ẹ má ṣe gbà fún un, nítorí pé ẹni tó ti wọlé kò ní ìdí láti yára sanwó mọ́, bí ó bá sì tú ilé ìdáná wó tán kí ó tó yí ọkàn padà, olùtà ni ìparun náà wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀, ó ṣeé ṣe bí lọ́yà bá kọ ìwé àṣẹ fún un, tí báǹkì olùtà àti ilé iṣẹ́ adójútòfò sì gbà. Èmi kò ní ṣe é síbẹ̀.

Nígbà tí pàṣípààrọ̀ bá wáyé, agbára ìkánjú olùrà ti tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ lè ṣì kù. Bí ó bá fẹ́ fa ọjọ́ náà wá síwájú, olùtà lè gbà, ó sì lè kọ̀ láìsọ ìdí. Bí ó bá gbà, kí ó rí i pé àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìyípadà náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí àdéhùn gan-an. Ẹjọ́ kan wà tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ní ọdún 1996. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1995 ni wọ́n kọ sínú àdéhùn, ọjọ́ Àìkú ló sì bọ́ sí. Nígbà tí àwọn lọ́yà rí i, wọ́n fi lẹ́tà síra wọn pé kí ó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24. Owó kò dé ní ọjọ́ Ẹtì náà, olùtà sì gbé ìgbésẹ̀ bí ẹni pé olùrà ti pẹ́. Ilé ẹjọ́ sọ pé lẹ́tà lásán kò lè yí ọjọ́ ìparí padà lábẹ́ òfin 1989, ọjọ́ Àìkú inú ìwé ló ṣì dúró. Ọjọ́ 2 péré ni, àárín àwọn lọ́yà ló sì ti ṣẹlẹ̀. Kí ni ẹni tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù yí ọjọ́ padà pẹ̀lú olùrà yóò wá sọ?

Bí ó bá jẹ́ pé olùrà tó ti ń kánjú ló wá pẹ́, àwọn òfin inú Standard Conditions of Sale, tí ọ̀pọ̀ àdéhùn ilé gbígbé máa ń lò, ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Owó gbọ́dọ̀ wọlé kí aago 2 ọ̀sán tó lù. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọn yóò kà á sí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, èlé yóò sì bẹ̀rẹ̀ lórí iye tó kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ilé £300,000, àsansílẹ̀ 10% tí í ṣe £30,000 ti wà nílẹ̀, ó ku £270,000, bí èlé inú àdéhùn bá jẹ́ 8% lọ́dún, £59.18 ni olùrà yóò máa san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Olùtà sì lè fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ tó fún olùrà ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 péré. Bí ọjọ́ 10 náà bá tán tí owó kò dé, olùtà lè fagi lé àdéhùn, kí ó mú àsansílẹ̀ náà, kí ó sì ta ilé fún ẹlòmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù ní àṣẹ láti ní kí ó dá àsansílẹ̀ padà. Kí olùtà má gbàgbé pé idà olójú méjì ni: bí òun náà kò bá tíì kó jáde ní ọjọ́ tó gbà, orí òun ni èlé àti ìwé ìkìlọ̀ náà yóò já lé.

Àwọn olùrà fẹ́ràn ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n lè fi òpin ọ̀sẹ̀ to ilé. Mo máa ń gba àwọn olùtà níyànjú pé kí wọ́n mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú. Owó náà sábà máa ń gba orí CHAPS, ètò ìfowóránṣẹ́ tí Bank of England ń darí, tí kì í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Bí owó bá há sójú ọ̀nà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé, ẹrù á sì wà nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an, ọ̀dọ̀ ajẹ́ǹtì ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà, olùrà á sì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti aago 10 òwúrọ̀. Ajẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún un títí lọ́yà olùtà yóò fi pè é pé owó ti wọlé.