Outlaw: ẹni tí òfin yọwọ́ ààbò kúrò lórí rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ọ̀daràn ni outlaw. Wọ́n á mú ọ̀daràn, wọ́n á gbé e dé kóòtù, á sọ tẹnu rẹ̀ kí adájọ́ tó dá ẹjọ́. Ní ti outlaw láyé àtijọ́, òfin ti yọwọ́ ààbò kúrò lórí rẹ̀: ẹni tó bá rí i lè pa á, kò sì sí ẹni tí yóò bi onítọ̀hún pé kí ló dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà máa ń sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ru orí ìkookò, torí bí wọ́n ṣe ń pa ìkookò nínú igbó ni wọ́n lè ṣe pa òun náà.

Ìtàn àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí kún fún irú ọkùnrin báyìí. Ọlọ́pàá ò tó níbẹ̀, kóòtù jìnnà, igbó tó ṣeé sá sí sì pọ̀. Èyí tó là á yé mi jù ni ti Ned Kelly, ní Victoria, ilẹ̀ Ọsirélíà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1878, ọlọ́pàá kan, Fitzpatrick, wá sílé àwọn Kelly láti mú Dan, àbúrò Ned. Ìjà ṣẹlẹ̀. Fitzpatrick ní Ned yìnbọn lu òun lọ́wọ́. Àwọn Kelly ní irọ́ ló ń pa. Adájọ́ Redmond Barry sọ Ellen, ìyá Ned, sẹ́wọ̀n ọdún 3, tòun ti ọmọ ọwọ́. Ibẹ̀ ni kùnrùngbùn náà ti ta gbòǹgbò. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, Ned àtàwọn èèyàn rẹ̀ ká àwọn ọlọ́pàá tó ń wá wọn mọ́ etí odò Stringybark, wọ́n sì pa mẹ́ta: Kennedy, Scanlan àti Lonigan. Mo gbà pé ẹni tí wọ́n fìyà jẹ ìyá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Àmọ́ àwọn mẹ́ta yẹn kọ́ ló rán ìyá rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Kíá ni àwọn aṣòfin Victoria gbé òfin kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn Kelly wá fara hàn ní ìlú Mansfield, ó pẹ́ tán ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá. Wọn ò wá. Ní ọjọ́ 15, wọ́n kéde wọn ní outlaw. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bá wọn pàdé tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn lè pa wọ́n láìkọ́kọ́ ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn, ẹni tó bá sì fi wọ́n pamọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 15. Owó tí wọ́n fi lé orí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè títí ó fi di £8,000.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ń tú ọ̀rẹ́ ká. Joe Byrne wà lára àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà. Aaron Sherritt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1880, Byrne yìnbọn pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọlọ́pàá mẹ́rin wà nínú ilé náà. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọn ò jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìbẹ̀rù wọn yìí ló kọ́kọ́ ba ètò Ned jẹ́. Ó ti ní kí wọ́n hú irin rélùwéè nítòsí Glenrowan, kí ọkọ̀ tó ń kó ọlọ́pàá bọ̀ lè dojú dé. Ìròyìn ikú Sherritt ò tètè dé Melbourne, ọkọ̀ náà ò sì tètè gbéra. Ned àtàwọn èèyàn rẹ̀ kó nǹkan bí 60 èèyàn sí ilé ọtí kan, wọ́n ń retí, oorun ń kùn wọ́n, àwọn kan ń mutí, àwọn kan ń jó.

Tíṣà kan, Thomas Curnow, wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ó fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ojú Ned mọ́ra, kódà ó ta á lólobó pé ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ rélùwéè. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun mú ìyàwó òun lọ sílé. Ned gbà. Curnow ò pẹ́ nílé, ó mú àbẹ́là àti ìborùn pupa tó jẹ́ ti arábìnrin rẹ̀, ó gba ojú irin lọ lóru, ó sì gbé àbẹ́là náà sẹ́yìn aṣọ pupa. Awakọ̀ rí iná pupa, ó dúró.

Aṣọ irin tí Ned wọ̀ jà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí, èyí tí wọ́n fi irin ohun ìtúlẹ̀ rọ, tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 44. Lójú tèmi, ìyìn ẹnu Curnow ti rí ibi tí irin ò bò ṣáájú ìbọn. Ọlọ́pàá yìnbọn lu Ned lẹ́sẹ̀, wọ́n mú un láàyè. Àwọn mẹ́ta yòókù kú síbẹ̀.

Nítorí pé wọ́n mú un láàyè, ó dé kóòtù, lọ́yà sì gbẹnu sọ fún un. Redmond Barry kan náà ló dájọ́ ikú fún un. Ellen ṣì wà lẹ́wọ̀n ní Melbourne nígbà tí wọ́n yẹgi fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1880.