Ugha Ọlọ́wọ̀: Ibi Tí Iṣẹ́ Ọwọ́ Ààfin Wa Ti Ṣẹ̀

Aghọfẹn ni àwa ọmọ Ọ̀wọ̀ ń pe ààfin, ugha sì ni à ń pe àgbàlá inú rẹ̀. A máa ń sọ pé ugha ibẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún, lórí ilẹ̀ tó tó éékà 180. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni ìlú ti ń péjọ nígbà ọdún.

Àwọn kan sọ pé ọ̀dọ̀ Bìní la ti kọ́ ọgbọ́n ilé yìí, nítorí wọ́n ń pe ugha níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n tún ń tọ́ka sí Ọlọ́wọ̀ Òṣogboyè tó gbé ní Bìní kó tó jọba ní nǹkan bí 1600. Ṣùgbọ́n ààfin ti dúró kí wọ́n tó bí Òṣogboyè. Ní ti “gh”, ohùn ẹnu wa ni: eghó là ń pe owó, bẹ́ẹ̀ náà ni ará Oǹdó àti Ìkálẹ̀. A kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ifẹ̀ ni kí ẹ wò. Ọmọ Odùduwà ni Òjùgbẹlú, baba ńlá wa. Nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ dé orí Òkìtì Asẹ̀gbò, òkè tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Ọ̀wọ̀, mo gbà pé ọgbọ́n ilé kíkọ́ Ifẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn: òrùlé mẹ́rin tó da ojú kọ ara wọn, òjò ń rọ̀ sí àárín, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ tún wo ilẹ̀ ugha mìíràn, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ta ni kò mọ ìtàn Lúwo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, tó ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìlú? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ àwọn tó tẹ́ ti Ifẹ̀ gan-an ló tẹ́ tiwa.

Ìtàn gbé kíkọ́ ààfin fún Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ̀jẹ́n, ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Òun ni ọkọ Ọ̀rọnsẹ̀n, ayaba tí ọdún Igogo wà fún. Ẹ rántí èèwọ̀ ayaba náà: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ju igi ìdáná sílẹ̀ gbì, wọn kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Àgbàlá! Èèwọ̀ ẹni tó ń gbé inú ugha ni. Àwọn orogún rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ rú u, ló bá bínú wọgbó lọ. Ní Ugbó Lájà, tí ìtàn so mọ́ ọn, ni Ekpo Eyo, onímọ̀ nípa ìwalẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ti hú àwọn ère amọ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún jáde ní 1971, ojú Ifẹ̀ sì hàn lára wọn kedere.

Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi lásán. Ọba lórí ẹṣin ni wọ́n gbẹ́ sára òmíràn, ọba pẹ̀lú ìyáàfin àgbà sì wà lára òmíràn.

Páànù ti gba ipò ewé lórí òrùlé, ọ̀pọ̀ ugha sì ti wó. Wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sínú ọgbà ààfin ní 1968. Ní 2000, ìjọba àpapọ̀ kéde ààfin náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè.