Ọ̀dọ̀ Amọ̀kòkò Ló Ti Bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Bí Ilé-iṣẹ́ Ṣe Di Ẹni Tó Ń Dá sí Ọ̀rọ̀ Ìlú

Bí àríyànjiyàn bá ti dé orí bóyá ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ máa dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ àwùjọ, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé àṣà ọmọ àná ni, pé àwọn tó ń ta áísìkiriìmù ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wá bá wọn gbé e kiri. Irọ́ gbáà ni. Àṣà náà ti lé ní igba ọdún. Ọ̀dọ̀ amọ̀kòkò kan ní Staffordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1787. Josiah Wedgwood ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Oníṣòwò tó lọ bá ìjọba pé owó orí ọjà òun ti pọ̀ jù, àpò ara rẹ̀ ló ń gbèjà. Ìyẹn ti wà láti ìgbà tí ọjà ti wà. Wedgwood náà ṣe é: lọ́dún 1785, ó wà lára àwọn tó kó àwọn onílé-iṣẹ́ jọ láti ta ko àdéhùn òwò tí ìjọba fẹ́ bá Ireland ṣe. Àwọn oníṣòwò Boston tí wọ́n fẹnu kò lọ́dún 1768 pé àwọn kò ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì mọ́, ọ̀rọ̀ owó orí ni tiwọn náà. Kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí à ń wá orísun rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó gbé orúkọ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí kò ní fi èrè kankan kún tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1787, ọkùnrin 12 pàdé nílé ìtẹ̀wé James Phillips ní London, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí yóò bá òwò ẹrú jà sílẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ Quaker, ìjọ Kristẹni kan. Kò pẹ́ tí Wedgwood fi wọ ìgbìmọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ náà ní èdìdì kan: ọkùnrin adúláwọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lára rẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀, ó ń béèrè pé, “Ṣé èmi kì í ṣe ènìyàn àti arákùnrin ni?” Ẹlòmíràn ì bá kọ lẹ́tà ìtìlẹ́yìn, kó fọwọ́ sí i, kó padà sídìí òwò rẹ̀. Wedgwood gbé èdìdì náà lọ sí fáktírì rẹ̀ ní Etruria, William Hackwood sì mọ àwòṣe rẹ̀.

Jasper ni wọ́n fi ṣe é, amọ̀ tí Wedgwood fúnra rẹ̀ wá jáde ní nǹkan bí ọdún 1775 lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdánwò, tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Barium sulphate ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í dán bíi ti àwo oúnjẹ. Òṣìṣẹ́ á tẹ amọ̀ dúdú sínú mọ́ọ̀dì kékeré, á fi abẹ gé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́jú, á yọ ọ́ jẹ́jẹ́, á fi omi díẹ̀ ra á, á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹlẹbẹ funfun tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Bí omi bá pọ̀ jù, dúdú á ṣàn sórí funfun, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá há sáàárín, á lé ròrò nínú iná. Èyí tó burú jù ni pé amọ̀ máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ àti bó ṣe ń jóná. Bí dúdú àti funfun kò bá sún kì dọ́gba, àwòrán á ṣí kúrò tàbí kó là. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni Wedgwood fi ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ, kó lọ wo iye nǹkan tó lè bàjẹ́ nínú ààrò kan ṣoṣo.

Kò sì tà wọ́n. Thomas Clarkson, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ṣe ni Wedgwood ń fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọkùnrin ń fi wúrà dè é mọ́ ìdérí àpótí aáṣáà wọn, àwọn obìnrin ń fi í sí ẹ̀gbà ọwọ́ àti sí irun. Ní oṣù Kejì ọdún 1788, ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Benjamin Franklin, àgbà òṣèlú Amẹ́ríkà, ní Philadelphia. Franklin dá a lóhùn pé ipá rẹ̀ lè tó ti ìwé pẹlẹbẹ tó dára jù lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ amọ̀kòkò, tí kì í ṣe ahunṣọ tàbí oníṣúgà? Èrò tiwa ni pé ibi tí ohun èlò rẹ̀ ti ń wá ló tú u sílẹ̀. Òwú ahunṣọ ń ti ọwọ́ ẹrú wá, ṣúgà náà bẹ́ẹ̀. Amọ̀ kò sí lára wọn. Mọ́ọ̀dì kan tún lè bí ẹgbẹ̀rún àwòrán, ohun tí agbẹ́gilére kò lè ṣe. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ tán: ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń mọ abọ́ ṣúgà àti ife tíì, ta ni kò sì mọ ẹni tó ń gbin ṣúgà nígbà náà? Àwọn kan sì ti bínú sí àwòrán náà pé ó fi adúláwọ̀ hàn bí alágbe lórí eékún. Òótọ́ wà nínú ìbínú wọn.

Àwọn tó ń gbèjà Quaker á ní àwọn ló ṣáájú, pé lọ́dún 1761 ni ìpàdé wọn ní London ti ní kí wọ́n lé ọmọ ìjọ tó bá ń ta ẹrú. Òfin ìjọ ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. James Wright, oníṣòwò Haverhill tó kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun kò ta ṣúgà ẹrú mọ́, gbìyànjú gan-an, àmọ́ 1792 ni tirẹ̀.

“Dá sí” tí à ń lò yìí, ẹ wò ó dáadáa. À ń dá sí ọ̀rọ̀, à ń dá owó sí nǹkan, à sì ń dá ẹ̀mí ènìyàn sí. Wedgwood ṣe àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìkejì, ó ń retí ìkẹta. Boycott, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe kíkọ̀ láti bá ẹnì kan ṣòwò ní tiwọn, orúkọ ènìyàn ni. Charles Boycott jẹ́ aṣojú onílẹ̀ kan ní Mayo, ní Ireland. Lọ́dún 1880, àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ láti bá a kórè, wọn kò tà fún un, wọn kò bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní láti kó nǹkan bí 50 òṣìṣẹ́ wá láti ibòmíràn, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ sójà tó ń ṣọ́ wọn, kí irè oko rẹ̀ tó lè wọlé.

Ìgbà tó tún yẹ ká dúró wò ni ti Cadbury, ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1901 ni William Cadbury ti gbọ́ pé wọ́n ń fipá mú àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní São Tomé, erékùṣù tí Portugal ń ṣàkóso nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ náà rán Joseph Burtt lọ wádìí lọ́dún 1905, wọ́n ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń ra kòkó náà lọ. Oṣù Kẹta ọdún 1909 ni wọ́n tó kéde pé àwọn kò rà á mọ́. Kó tó di ìgbà náà, ìwé ìròyìn Standard ti pè wọ́n ní alágàbàgebè ní 1908; wọ́n pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Birmingham ni wọ́n ti dá a. Wọ́n jàre, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ sì ní kí wọ́n gba farthing kan, owó tó kéré jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọdún mẹ́jọ láàárín mímọ̀ àti kíkéde ló jẹ́ kí ìdáláre wọn rí bẹ́ẹ̀.

Ìyókù kò le. Lọ́dún 1970, Milton Friedman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé èrè ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Lọ́dún kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ Polaroid, ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀hónú hàn pé fótò ilé-iṣẹ́ wọn ni ìjọba apartheid ń fi ṣe ìwé ìrìnnà fún àwọn adúláwọ̀, Polaroid sì kúrò ní South Africa ní 1977. Ben & Jerry's dé ní 1978, ìyẹn áísìkiriìmù tí wọ́n ń sọ. PayPal, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, fagi lé ètò tí ì bá fún ènìyàn 400 níṣẹ́ ní North Carolina ní 2016 nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn tó yí ẹ̀yà akọ tàbí abo wọn padà lè lò. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí iyanrìn, èyí tí kì í ná ilé-iṣẹ́ ní nǹkan kan títí oníbàárà á fi bínú.

Ẹni tó súnmọ́ Wedgwood jù nínú wọn ni Dick's Sporting Goods, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun èlò eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìpànìyàn ilé-ẹ̀kọ́ Parkland, ní Florida, ní 2018, wọ́n kó ìbọn ìjà kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì gbé ọjọ́ orí ẹni tó lè ra ìbọn sókè sí 21. Èyí tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là, wọn kò dá a padà fún àwọn tó rọ ọ́. Wọ́n fọ́ ọ túútúú, ó di irin àlòkù.