Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, lógò rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà: "Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ (ọ̀rọ̀ àṣẹ tí wọ́n fi kọ ọ́) wà ní gbangba, lógò rẹ̀ náà ti di tiwa nìyẹn." Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, àṣìṣe yìí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíì lójú láìmọ̀.

Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríídọ́ọ̀mù. Gbogbo sítáì tí ọ̀gá kọ́ ọ, ó lè rán an, ó lè tún un dá, ó lè fi kọ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n tó bá kọ orúkọ ọ̀gá sójú pátákó ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àwọn oníbàárà á máa rò pé ọ̀gá ló ń rán aṣọ àwọn. Iṣẹ́ ni ọ̀gá fún un, kò fún un lórúkọ.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ló ń dáàbò bo kóòdù, òun náà ló ń dáàbò bo àwòrán lógò. Àmì òwò (trademark) yàtọ̀ ní tirẹ̀: ó wà kí ẹni tó ń gba ètò sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè mọ ọwọ́ tó ti wá, kó má baà gba ayédèrú. Láísẹ́ńsì Apache ti ọdún 2004, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń pín ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, kò fi bò. Ìpín 6 rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé òun kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti lo orúkọ tàbí àmì òwò ẹni tó ni iṣẹ́, àfi láti fi sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti wá.

Ọ̀ràn Firefox, ètò tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ló fi í hàn jù. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, àwọn Debian, tó ń ṣe ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, sì ń fi í sínú ètò wọn. Àmọ́ wọn ò lo àwòrán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ká yí ayé yẹn, torí láísẹ́ńsì àwòrán náà kò bá ìlànà wọn mu. Ní 2006, Mozilla, àwọn tó ni Firefox, ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ Firefox gbọ́dọ̀ lo lógò rẹ̀ pẹ̀lú, kó sì jẹ́ kí àwọn yẹ àtúnṣe rẹ̀ wò. Debian ò lè gbà. Wọ́n sọ ọ́ ní Iceweasel, wọ́n sì fi ẹranko funfun kan tó ká yí ayé rọ́pò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ó di 2016 kí orúkọ Firefox tó padà sínú Debian. Ọdún mẹ́wàá gbáko, nítorí orúkọ àti àwòrán!

Debian fúnra wọn náà ní láti tún ilé tiwọn ṣe. Lógò pupa wọn, èyí tó yí bí ìkarahun ìgbín, ti wà láti 1999, ṣùgbọ́n 2012 ni wọ́n tó fi í sábẹ́ LGPL tàbí CC BY-SA, láísẹ́ńsì méjì tó jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè lò ó, kí wọ́n sì tún un ṣe, kí oníkálukú yan èyí tó wù ú. Lógò wọn kejì, tó ní ìgò, kì í ṣe ti gbogbo ayé: ohun tí Debian fọwọ́ sí, tàbí tí wọ́n ṣe ní ìlànà wọn, nìkan ló lè gbé e. Ọgbọ́n yìí wù mí púpọ̀.

Kódà lógò tó wà lábẹ́ CC BY 4.0, láísẹ́ńsì tó ní kí ẹ máa lò ó, kí ẹ ṣáà dárúkọ ẹni tó ṣe é, kò tú àmì òwò sílẹ̀; láísẹ́ńsì náà sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sára ṣáàtì, ẹ dárúkọ ẹni tó yà á, ẹ̀tọ́ àdàkọ ò ní bá yín jà. Ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ètò tiyín bíi pé àwọn onílógò ló ṣe é, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fáìlì kékeré kan sínú fódà lógò yín: láísẹ́ńsì àwòrán rèé, ohun tẹ́ ẹ lè fi orúkọ wa ṣe láìtọrọ àyè rèé, èyí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè rèé.