Àdán Ló Ń Gbin Ìrókò

Àwọn tó jogún oko bàbá wọn, tí wọn kò sì ráyè dáko, máa ń bi mí bóyá ilẹ̀ náà á padà di igbó bí wọ́n bá kàn fi í sílẹ̀. Kí n tó dáhùn, èmi náà a bi wọ́n: igi ńlá wo ló ṣì dúró ní ààlà oko? Ṣé kùkùté ṣì wà nínú ilẹ̀? Ṣé iná ń jó ibẹ̀ lọ́dọọdún? Ilẹ̀ lè sinmi fún ogún ọdún kó má ju pápá lọ, bí kò bá sí igi tó máa so èso àti ẹ̀dá tó máa gbé irúgbìn rẹ̀ wá.

Ẹ wo oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n pa tì lágbègbè Ìbàdàn. Koríko àti yúnyun ló máa kọ́kọ́ bò ó. Kò ní pẹ́ tí ewé Akíntọ́lá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, á fi gba gbogbo ilẹ̀. Ìhà Amẹ́ríkà tó jẹ́ ilẹ̀ olóoru ni ewé yìí ti wá, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tó wọ Nàìjíríà. Wọ́n máa ń bú u, àmọ́ mo gbèjà rẹ̀ níbi kan: ìbòòji rẹ̀ máa ń pa ẹ̀kan, ewé rẹ̀ tó ń rẹ̀ dànù sì ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Àléébù rẹ̀ ni pé tí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́, wéré ni iná ń ràn án.

Àárín ewé Akíntọ́lá yẹn ni afẹ́rẹ́ àti eépín ti ń yọrí. Irúgbìn afẹ́rẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó máa retí oòrùn; ẹyẹ náà sì ń ṣu òmíràn kún un. Àwọn igi wọ̀nyí ń yára ga, orí wọn á pàdé, oòrùn kò ní kanlẹ̀ mọ́, ewé Akíntọ́lá á sì kú. Ṣùgbọ́n ọmọ afẹ́rẹ́ gan-an kò lè dàgbà lábẹ́ ìbòòji ìyá rẹ̀. Bí igi àkọ́dé yìí bá ṣe ń gbó tó ń wó, àwọn mìíràn ló ń gba ipò rẹ̀. Arère àti afárá wà lára wọn. Atẹ́gùn ló ń gbé irúgbìn tiwọn, kì í sì í gbé e jìnnà, nítorí náà ìyá igi gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ti ìrókò yàtọ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù. Igi tó nílò oòrùn ní kékeré ni, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń hù ní oko tí wọ́n pa tì. Akọ ìrókò wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gé gbogbo akọ tó wà ládùúgbò, abo tó kù kò ní so irúgbìn tó lè hù. Àdán ńlá, irú èyí tó máa ń so rọ̀ lórí igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ló ń jẹ èso rẹ̀. Á fò ní òru kọjá ọ̀pọ̀ kìlómítà, á sì máa ṣu irúgbìn sórí oko tí kò mọ olóko rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń yìnbọn sí àdán láti pa á jẹ ń dín ìrókò ọ̀la kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àtíòro àti erin, tí wọ́n ń gbé irúgbìn tó tóbi jù fún ẹyẹ kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ, kó lọ wo igbó IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi 1,000 hẹ́kítà, tí oko àti abúlé wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá nǹkan bíi 350 hẹ́kítà sí, igbó sì ti padà bò ó. Ìbátan ẹ̀ga kan ń gbé inú rẹ̀, dúdú tó ní pupa lórí, tí Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1958 tó sì sọ ní Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan la ti mọ̀ ọ́n láyé.

Báwo ni irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde? Tí odò ńlá tàbí pápá bá la igbó sí méjì, bí pápá ṣe dé etí òkun láti apá Accra títí dé orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ẹ̀dá tó wà níhà kan kò ní bá ti ìhà kejì gùn mọ́. Àyípadà kéékèèké á máa kó jọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, títí wọ́n á fi di ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Afẹ́rẹ́ tí a gé lónìí lè ní arọ́pò láàárín ọdún mélòó kan. Ìran tó bá run kò ní.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí katakata hú kùkùté. Ọ̀pọ̀ igi á tún rú láti ìdí rẹ̀. Ẹ ro ààlà oko yípo kí ọyẹ́ tó dé, torí iná ọdọọdún ló ń sọ igbó di pápá ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọwọ́ ara yín gbin ìrókò, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ́ Phytolyma máa ń wọ ọ̀mùnú rẹ̀. Ibẹ̀ á wú, á bẹ́, á sì kú. Òun ló ba ọ̀pọ̀ oko ìrókò jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ gbin ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó jìnnà síra, sáàárín àwọn igi mìíràn tí ìbòòji wọn kò pọ̀ jù, kí kòkòrò náà má baà tètè rí èyí tó tẹ̀ lé e.