Ọmọ tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ṣé ó ti mọ alùpùpù gùn náà nìyẹn?

Ìgbàgbọ́ kan wà tó ti mọ́ ọ̀pọ̀ òbí lára: bí ọmọ bá ti lè gun kẹ̀kẹ́ láì ṣubú, alùpùpù ò lè le fún un. Wọ́n á ní kí ẹnì kan sáà ti fi jíà àti kílọ́ọ̀ṣì (ohun ọwọ́ òsì tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà) hàn án, kó yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Bí ìyá ọmọ bá ń ṣiyèméjì, wọ́n á fi kún un pé máṣínnì kékeré ni, kò lè sáré, ìtòsí náà ló sì ń gùn ún lọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òpònú. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò gùn.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí táyà méjì. Ìyẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn tí kò gùn ún rí, wọ́n sì rò pé òun ni gbogbo iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ alùpùpù tó bá ti ń lọ kì í fẹ́ẹ́ ṣubú. Ó ń gbé ara rẹ̀ dúró. Ohun tó ń ṣe ọmọ léṣe ni kí ó má lè tètè dúró, kí ó má mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún ewu, tàbí kí onímọ́tò má rí i. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ̀nba ni kẹ̀kẹ́ kọ́ ọ, ó sì tún kọ́ ọ ní òdì nínú àwọn kan.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yíyà yẹ̀ wò ná. Wilbur Wright, ẹ̀gbọ́n nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó fi ọkọ̀ òfuurufú oní-ẹ́ńjìnnì fò ní 1903, kẹ̀kẹ́ ni òun àti àbúrò rẹ̀ ń ṣe tí wọ́n ń tà. Ó bi ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ léèrè bí wọ́n ṣe máa ń yà sí apá òsì, kò sì rí ẹyọ ẹnì kan tó kọ́kọ́ dáhùn tí ìdáhùn rẹ̀ pé. Gbogbo wọn ń ṣe é lójoojúmọ́, wọn ò mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Kí kẹ̀kẹ́ tó yà sósì, ẹni tó gùn ún á kọ́kọ́ darí táyà iwájú díẹ̀ sọ́tùn-ún. Ìyẹn ló máa jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dagun sósì, kó tó wá yà. Kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, nítorí náà ara á ṣe é láìròtẹ́lẹ̀. Alùpùpù tó wúwo ju ọmọ náà lọ, tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí, kò ní gbọ́ ti pé ó gbé ara sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lásán. Ó ní láti mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é: bó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, kó fi ọwọ́ ọ̀tún ti háńdù síwájú. Létí ẹni tí kò ṣe é rí, irọ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ihò bá yọ lójijì níwájú ẹni tí wọn ò kọ́, apá ibi tó fẹ́ sá lọ ni yóò fa háńdù sí, máṣínnì á sì dagun lọ sínú ihò tó ń sá fún.

Bíréèkì ló le jù, òun ló sì yẹ kí òbí fọkàn sí jù. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ọmọ orí kẹ̀kẹ́ pé kó má fi ọwọ́ kan bíréèkì iwájú, kó má baà dojú dé. Ìmọ̀ràn yẹn ló ń gbé dé orí alùpùpù. Bẹ́ẹ̀, lórí alùpùpù, bíréèkì iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Bí máṣínnì bá ti ń dúró, ẹrù rẹ̀ á rọ́ síwájú. Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, tẹ̀yìn á fúyẹ́. Ẹni tó bá wá fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn nìkan pẹ̀lú gbogbo agbára, táyà tó ti fúyẹ́ yẹn ló ń dè pa. Ṣe ló máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ìdí máṣínnì á sì máa gbá sọ́tùn-ún gbá sósì.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California lọ síbi tí jàǹbá alùpùpù tó lé ní 900 ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1981. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ewu yọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gùn ún ló tẹ bíréèkì ẹ̀yìn títí táyà fi yọ̀, tí wọn ò sì lo tiwájú tó.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo tiwájú ni pé kéèyàn fún un, kó má gbá a mú. Ìka á kọ́kọ́ fà á díẹ̀, ṣọ́kì iwájú á lọ sílẹ̀, táyà á di ilẹ̀ mú. Ìgbà náà ni ìka á wá fún un le sí i, tẹ̀yìn á máa ràn án lọ́wọ́. Bí ilẹ̀ bá tutù tàbí tó bá jẹ́ yanrìn, ọwọ́ á rọ̀. Bí ó bá wà nínú kọ́nà, kó kọ́kọ́ gbé máṣínnì nàró. Ọmọ á ṣe èyí lórí pápá òfìfo, ní eré kìlómítà 20 ní wákàtí, kó tó lọ sí 30, kó tún un ṣe títí yóò fi sú u. Lẹ́yìn tó bá ti sú u ni kó tún ṣe é sí i, nítorí bí ewu bá dé, kò ní ráyè ronú.

Ìdààmú kan tún wà nínú ọwọ́ ọ̀tún. Lórí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ méjèèjì ni bíréèkì. Lórí alùpùpù tó ní jíà, kílọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún kan náà ló ń fa bíréèkì iwájú tó sì tún ń yí háńdù láti fún ẹ́ńjìnnì níná kó lè sáré. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́: ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lójijì, máṣínnì fò síwájú, ara rẹ̀ dà sẹ́yìn. Ó wá di háńdù mú pinpin kó má baà jábọ́, bó sì ṣe ń dì í mú tí ara rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń yí iná sí i. Òun alára ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, máṣínnì ló ya wèrè. Gbólóhùn kan ló yẹ kí ẹ ti kọ́ ọ kó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀: ohunkóhun tó bá rú ọ lójú, fa kílọ́ọ̀ṣì. Bí ọwọ́ òsì bá ti fà á tán, ẹ́ńjìnnì lè máa ké, kò ní lè gbé táyà lọ mọ́.

Ó wá ku ti “máṣínnì kékeré ni, ìtòsí ló ń lọ.” Ohun tí ìwádìí Hurt yẹn sọ níbí yìí ló yẹ kó ká wa lára jù. Kí ewu tó yọ, ìdajì àwọn tó ní jàǹbá ni eré wọn kò ju bíi kìlómítà 48 ní wákàtí. Nígbà tí wọ́n fi máa kọlu nǹkan, ìdajì ni eré wọn kò ju bíi 35. Ọ̀pọ̀ máṣínnì kékeré tó ní jíà ló lè sá eré yẹn. Ẹni tó bá sì fi eré 50 gbá ògiri, ohun tó gbá a kò yàtọ̀ sí kó já bọ́ láti òkè tó tó mítà 10, ìyẹn bí òrùlé ilé alájà mẹ́ta. Ní ti ìtòsí, wọ́n rí i pé ìrìn kúkúrú ni ọ̀pọ̀ jàǹbá náà, ìrìn ọjà tàbí ti ilé ọ̀rẹ́, kò sì pẹ́ tí ẹni náà kúrò níbi tó ti gbéra tí ó fi ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn tí alùpùpù àti ọkọ̀ míì ti kọlura, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé awakọ̀ kejì ló gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní àwọn ò rí alùpùpù náà àfi nígbà tó ti pẹ́ jù. Ọmọ yín lè má ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì gbá a.

Nítorí náà, iná iwájú gbọ́dọ̀ máa tàn lọ́sàn-án gangan. Bó bá sì ń bọ̀ ní oríta tí ọkọ̀ kan dúró sí, kó má wo ojú awakọ̀, nítorí ojú lè wo èèyàn kó má rí i. Táyà iwájú ọkọ̀ náà ni kó máa wò: bó bá ti yí díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ náà ti ń bọ̀ nìyẹn.

Akoto ńkọ́? Àwọn kan ṣì ń sọ pé kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn, pé ó ń dí ojú. Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìyẹn náà wò, wọn ò rí jàǹbá kankan tí akoto fà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí míì kó ìwádìí 61 papọ̀ ní 2008, ó hàn pé akoto ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ṣe rìbìtì lórí ni akoto. Fóòmù inú rẹ̀ ló ń gba ìgbátí, nípa kó rún mọ́ra. Bó bá ti rún lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Ìdí nìyí tí n kì í fi gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra àlòkù. Ẹ dè é mọ́ ọmọ lágbọ̀n, kí ẹ wá gbìyànjú láti ti ẹ̀yìn rẹ̀ yí i kúrò lórí. Bó bá bọ́, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ kún un, ṣòkòtò gígùn tó nípọn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Èèyàn kì í fẹ́ wọ̀ wọ́n nínú ooru, mo mọ̀, àmọ́ ọ̀dà ojú títì kì í ro ti ooru.

Òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, ẹ lọ wádìí ti ibi tí ẹ wà. Ní Yúróòpù, láti 2013, ọmọ ọdún 16 lè gba láísẹ́ǹsì alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 125 sí-sí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti gbé ọjọ́ orí náà ga. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 17 ni wọ́n gbé e sí, láti 1990 ni wọ́n sì ti ń béèrè ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e sójú títì. Àwọn tó ń sọ pé ìwé lásán ni láísẹ́ǹsì ń gbàgbé ewu tó kan àwọn fúnra wọn: níbi púpọ̀, ẹni tó gbé máṣínnì rẹ̀ fún ọmọ tí kò ní láísẹ́ǹsì ti rú òfin òun náà, iléeṣẹ́ adójútòfò sì lè kọ̀ láti sanwó bí ó bá gbá ẹlòmíì.

Ṣé bàbá ò wá lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ni? Nínú àwọn tó ní jàǹbá nínú ìwádìí Hurt, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló fúnra wọn kọ́ ọ tàbí tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ kọ́ wọn. Kì í ṣe pé bàbá ò mọ̀ ọ́n gùn. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ ò lè ṣàlàyé rẹ̀, àṣà burúkú ọwọ́ rẹ̀ náà á sì bá ẹ̀kọ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ́ ọ ní gígùn. Iṣẹ́ òbí pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn: kí ẹ ra akoto ṣáájú máṣínnì, kí ẹ yan máṣínnì tí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì á kanlẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ jọ máa wo táyà, bíréèkì, ṣéènì àti iná kó tó jáde. Bí ẹ bá jọ wà nínú mọ́tò, ẹ máa bi í pé, “Kí lo rí níwájú yẹn tó lè gbá wa?” Yóò yà yín lẹ́nu bí ìdáhùn rẹ̀ á ṣe yí padà láàárín oṣù méjì.

Láísẹ́ǹsì tó gbà kò sọ pé kó gbé ọ̀rẹ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń yí ìdúró máṣínnì padà, ó ń mú kó pẹ́ dúró, ariwo ẹ̀yìn sì ń ti ọmọdé sí eré. Ẹ sún un síwájú ní oṣù mélòó kan, kí ẹ sún òru àti òjò pẹ̀lú rẹ̀.

Máṣínnì àyálò náà wà níbẹ̀. Ó lé ní ìdajì àwọn tí Hurt yẹ̀ wò tí kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí máṣínnì tí wọ́n fi ní jàǹbá gan-an, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ wọn ti ń gun alùpùpù fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Bíréèkì tọ̀hún lè tètè mú, iná rẹ̀ lè yá ju èyí tó mọ́ ọmọ lọ́wọ́ lọ. Bí ọ̀rẹ́ bá ní kó gbé tòun, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìwé rẹ̀ gbà á láyè láti gun irú rẹ̀. Bó bá gbà á, kó kọ́kọ́ gbé e lọ sí pápá òfìfo, kó fún bíréèkì rẹ̀ wò ní eré 20, kó tó gbé e bọ́ sójú títì.