Ọmọ Dókítà Ọ̀nà Ọ̀fun Ni Gọ́ọ̀nù Tá A Fi Ń Fín Katakata

Ní Odogúnyán níbí, ní Ìkòròdú, létí títì tó lọ Ṣàgámù, tẹ́ ẹ bá bi àwọn pánẹ́bítà pé ta ló kọ́kọ́ ṣe gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, ẹnì kan á ní Ṣáínà, èkejì á ní Jàpáànù torí ìyẹn ló rí lára páálí ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Ọ̀dọ̀ dókítà ló ti wá o. Dókítà tó ń wo ọ̀nà ọ̀fun, Allen DeVilbiss lorúkọ ẹ̀, ìlú Toledo, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Màá débẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan.

Èdè wa gan-an ti jẹ́wọ́ ẹ̀. Kí lọmọ alágbẹ̀dẹ ń ṣe nídìí ẹwìrì? Ó ń fín iná. Lọ́fínńdà ńkọ́? Fínfín là ń fín in. Tí ẹ̀fọn bá pọ̀, a ń fín yàrá, tó bá di ti mọ́tò, a tún ń fín ọ̀dà. (Igbá fínfín wà lóòótọ́, àmọ́ ti ọ̀bẹ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.) Atẹ́gùn tí wọ́n fipá tì gba ojú ihò tóóró ló pa gbogbo wọn pọ̀. Lójú tèmi, ẹwìrì ni bàbá kọ̀mpírẹ́sọ̀, kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn ẹ̀: àpò awọ méjì, ọ̀pá méjì, bí ọ̀kan ṣe ń lọ sókè lèkejì ń bọ̀ nílẹ̀, kí atẹ́gùn má baà já lẹ́nu iná. Ẹ lọ wo kọ̀mpírẹ́sọ̀ onípísítìn méjì tó wà lọ́dọ̀ fọ́kánáísà, kí lẹ rò pé ó ń ṣe?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, alágbàfọ̀ kan wà nítòsí títì Àyàngbúrẹn, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yẹn kò kúrò lójú mi dòní. Á bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì á wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, á wá fọ́n ọn sára ṣòkòtò kákí, fúúú, omi yẹn á balẹ̀ bí ìrì, kò ní ṣù jọ sójú kan, kó tó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e. Èémí, omi, ètè tó fún pọ̀. Gọ́ọ̀nù pé pérépéré nìyẹn, àfi pé kò lọ́wọ́ mú.

Kì í ṣe Ìkòròdú nìkan náà ni. Ní erékùṣù Sulawesi, ní Indonéṣíà, àmì ọwọ́ èèyàn wà lára ògiri ihò àpáta, ó kéré tán ó ti tó 39,900 ọdún. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ mọ́ òkúta, wọ́n fọ́n ọ̀dà yí i ká, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibi tí ọwọ́ wà wá dúró gedegbe. Bí ọmọṣẹ́ ṣe ń fi bébà àti tépù bo gíláàsì mọ́tò náà nìyẹn, ọwọ́ ni tiwọn fi ṣe tépù. Ní Faransé, onímọ̀ kan, Michel Lorblanchet, rún èédú sẹ́nu, ó ń tu ú sára ògiri kó lè mọ bí wọ́n ṣe ya àwọn ẹṣin tó wà nínú ihò Pech Merle, wákàtí 32 ló sì gbà á. Wákàtí 32! Ọ̀gá kan tí mo mọ̀ á ti fín mọ́tò méjì, á tún ti gbowó.

Ó yá, dókítà wa. Nígbà yẹn, tí ọ̀fun bá ń dun èèyàn, wọ́n á di owú mọ́ igi, wọ́n á rì í sínú oògùn, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ fojú inú wo ìnira yẹn. DeVilbiss mú ìgò oògùn, ó ki ọ̀pá tín-ín-rín sínú ẹ̀, ó so rọ́bà rìbìtì kan mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá tẹ rọ́bà, atẹ́gùn á sáré kọjá lórí ẹnu ọ̀pá, eré yẹn á fa oògùn sókè, á sì fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bíi kùrukùru. Ẹ má gbàgbé ibẹ̀ yẹn o, kò sẹ́ni tó ti oògùn sókè, eré atẹ́gùn ló fà á. Ní 1888 ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tó di 1907, Thomas ọmọ ẹ̀ wò ó pé ohun tó ń fín oògùn kò lè ṣàì fín ọ̀dà, ló bá sọ ọ́ di gọ́ọ̀nù. Fílíìtì tá a fi ń pẹ̀fọn nílé màmá mi àgbà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé oògùn ẹ̀ jáde ní 1923, ọgbọ́n kan náà ni: ẹ ti ọwọ́ ẹ̀, atẹ́gùn á kọjá lórí ọ̀pá, agolo kékeré wà nísàlẹ̀. Mo rọ ọ̀dà ilẹ̀kùn sínú ẹ̀ lọ́jọ́ kan láti fi kun kẹ̀kẹ́ mi. Ó fín bíi ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dí pa, bí wọ́n ṣe nà mí lọ́jọ́ náà, n kò ní ròyìn ẹ̀ níbí.

Àwọn kan á ní Joseph Binks ni, tó fi ẹ̀rọ kun ògiri abẹ́ ilé ìtajà Marshall Field's ní Chicago ní 1887. Ó kun ún lóòótọ́, àmọ́ pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ni, omi ẹfun ló wà nínú ẹ̀, bíi èyí tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n á tún máa pariwo Ìpàtẹ Àgbáyé 1893, pé fínfín ni wọ́n fín àwọn ilé ibẹ̀ funfun. A ti gbọ́. Francis Stanley ńkọ́, tó gbàwé àṣẹ ní 1876 fún èyí tó ń fín àwọ̀ sára fọ́tò? Òun fúnra ẹ̀ pè é ní atomizer, orúkọ ohun èlò dókítà, ẹ ò wá rí i báyìí. Pé ó ṣáájú kò tu irun kan lára mi.

Ìyókù ò gùn. Ọ̀dà Duco tó ń tètè gbẹ dé láàárín 1923 sí 1924, bùrọ́ọ̀ṣì kógbá wọlé nílé iṣẹ́ mọ́tò. Ní 1926, ilé iṣẹ́ Iwata bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù, gọ́ọ̀nù W-71 wọn ni gbogbo ayé ń ṣe ayédèrú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, àjọ tó ń mójú tó atẹ́gùn ní gúúsù California ní ó kéré tán kí ìdá 65 nínú 100 ọ̀dà balẹ̀ sára ohun tí wọ́n ń fín, HVLP bá gbayì, ìyẹn gọ́ọ̀nù tí atẹ́gùn ẹ̀ pọ̀ àmọ́ tí ipá ẹ̀ kéré, ipá atẹ́gùn ẹnu ẹ̀ kì í ju 10 psi lọ.

HVLP yẹn ló fojú mi rí màbo. Ìkòròdú, àwọn àgbà ní oko odú ló sọ ọ́ lórúkọ, katakata tí wọ́n fi ń túlẹ̀ ò lè wọ́n níbẹ̀ (ariwo ẹ́ńjìnnì ẹ̀ la fi pè é bẹ́ẹ̀, lójú tèmi). Wọ́n gbé Massey Ferguson kan wá, pupa ẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ bíríkì. Mo ra HVLP tuntun, mo gbé e sórí kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré. Ìṣẹ́jú kan péré, gọ́ọ̀nù ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, ọ̀dà ń kán tótó-tótó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ méjì la fi sánpépà fá a. HVLP ń mu atẹ́gùn ju bí pọ́ńpù kékeré ṣe lè fún un lọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí, èémí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wo gọ́ọ̀nù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mọ́dígáàdì, agolo òkè, ihò ẹnu mílímítà 1.4. Práímà, 1.8. Irin ìtúlẹ̀ àti àwọn irin ńlá-ńlá, mo ń lo èyí tí agolo oní-lítà kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ ká máa dúró bu ọ̀dà ní gbogbo ìgbà, fílíìtì màmá àgbà náà ló sì jọ jù.

Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù láti ra gọ́ọ̀nù, mo máa ń ní kí wọ́n ki atẹ́gùn bọ̀ ọ́, màá gbé e sétí bóyá ó ń jò nídìí, màá rọ tínà sínú ẹ̀, màá fín páálí, màá wò ó bóyá ó tẹ́ gígùn bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àbí ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ tó ń tajà wò mí lọ́jọ́sí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ tọ́jú ẹ̀?"